Ìka Méjì Sápá Òsì

Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná ló ń gbé,
láàárín ìgbálẹ̀ àti bàtà òjò bàbá àgbà,
ìbọn kékeré, tí ọta rẹ̀
kò ju èékánná ọmọdé lọ.
Kò sẹ́ni tó ń pè é ní ohun ìjà nílé wa.
Bí a bá ní "mú un wá,"
ọmọ ilé mọ ohun tí à ń wí,
bí ìgbà tí èèyàn ní kí wọ́n mú ṣíbí wá.

Wasyl, bàbá àgbà, ló rà á lọ́wọ́ Halvor aládùúgbò
ní dọ́là mẹ́sàn-án pẹ̀lú àpò óòtì kan,
lọ́dún tí eṣú jẹ àlìkámà Saskatchewan títí kan gbòǹgbò.
Ìyàwó rẹ̀ ò bá a sọ̀rọ̀ fọ́jọ́ mẹ́ta.
Lọ́jọ́ kẹrin ó gbé ehoro méjì wọlé.
Ọbẹ̀ hó,
ọ̀rọ̀ náà sì padà wálé.

Ìdí rẹ̀ ti là rí: ẹṣin ló tẹ̀ ẹ́ nínú ẹrẹ̀
nígbà tí yìnyín ń yọ́.
Wáyà bàbà ni wọ́n fi dì í, téèpù dúdú ni wọ́n fi bò ó,
téèpù tí í lẹ̀ mọ́ni lẹ́rẹ̀kẹ́ nígbà ooru,
tí í le gan-an bí eegun nígbà òtútù.
Àwọ̀ irin rẹ̀ ti ṣí níbi tí ọwọ́ ń dì mú,
ó ń dán níbẹ̀
bí etí ife tí gbogbo ilé fi ń mumi.

Àléébù rẹ̀ ò ju ẹyọ kan: kò mọ ọ̀nà tààrà.
Ohun tí o wò kọ́ ni yóò bá.
Láti ọjọ́ tó ti já bọ́ lórí katakata
ló ti ń ta sápá ọ̀tún,
a sì ti ń kọ́ ọmọ wa kó tó mọ̀wé kà:
ìka méjì sápá òsì,
mí síta, mí tán,
kí o tó fà á.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe lé kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kúrò nílé adìẹ.
Bẹ́ẹ̀ la ṣe dín ọ̀kẹ́rẹ́ inú ilẹ̀ kù,
olè kékeré tí ihò rẹ̀ ń kán màlúù lẹ́sẹ̀.
Bẹ́ẹ̀ náà ni bàbá mi, Metro, ṣe fún Burko, ajá wa,
lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ ìkórè bá a nínú koríko gíga.
Ìró kan. Bàbá dá ìbọn padà sáyè rẹ̀,
ó fọ ọwọ́, ó fọ ọwọ́,
omi kànga fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

Nígbà tí bàbá kú, a ṣe gbàǹjo.
Ọkùnrin kan wá láti Canora, bàtà rẹ̀ mọ́ tónítóní.
Ó gbé agolo sórí ọgbà, ó yìnbọn lẹ́ẹ̀mẹfà.
Agolo ò mira.
Ó ní, "Irin àlòkù lásán. Mo lè san ogún dọ́là."
Òṣì ló rí lára rẹ̀;
kò mọ̀ pé òsì ló yẹ kó wò.
Ọ̀rọ̀ náà dé orí ahọ́n mi,
mo gbé e mì bí itọ́.
Mo ní, "Ẹ fi sílẹ̀ fún wa, alàgbà, kò tà mọ́."

Ó wa ọkọ̀ lọ, eruku tẹ̀ lé e dé títì.
Odarka ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́jọ, jókòó sórí àpò àlìkámà,
ó ń jẹ èso súnfúláwà, ó ń tu èèpo rẹ̀ sílẹ̀.
N ò tíì kọ́ ọ. Mo fẹ́ kó kọ́kọ́ ga sí i.
Ó gbé e, ó dojú bolẹ̀,
ó yí orí díẹ̀, díẹ̀ péré,
bí bàbá mi ṣe máa ń yí tirẹ̀.
Agolo fò, ó dún gbanran-gbanran lórí òkúta.

A ò pàtẹ́wọ́.
Ó lọ gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn,
ó bi mí bóyá pòtétò ti jinná.
Ọta mẹ́tàlá ló kù nínú agolo tíì.